Èdè Wo Ni Ká Fi Kọ́ Sáìtì ní Èjìgbò?

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Èjìgbò, kì í pẹ́ tí àríyànjiyàn fi ń bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan á ní PHP ti darúgbó. Èkejì á ní Python ni gbogbo ayé ń kọ́ báyìí. Ẹ̀kẹta á ní ẹni tí kò bá gbọ́ JavaScript kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Wọ́n lè fà á di àṣálẹ́. Ìbéèrè tí n kì í sábà gbọ́ níbẹ̀ ni èyí tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ san owó sáìtì kọ́kọ́ béèrè: nígbà tí ẹni tó kọ́ ọ bá ti ṣí lọ, ta ni yóò máa tún un ṣe?

Ṣíṣí lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá ní Èjìgbò. Láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó ni àwọn ọmọ ìlú náà ti ń lọ ṣòwò ní Côte d'Ivoire, tí wọ́n ń kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Títí di òní, ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò, á gba Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá títí á fi gúnlẹ̀ sí Abidjan. Ẹ ó gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn èèyàn nígboro, owó sẹ́fà kì í sì í ṣe àjèjì lápò wọn. Nítorí náà, sáìtì tó bá jẹ́ ti ọmọ Èjìgbò, ìbáà ṣe ti ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti mọ́sálásí, ti ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti oníṣòwò kan ní Másífà, àwọn tí yóò máa kà á wà ní orílẹ̀-èdè méjì ó kéré tán, èdè mẹ́ta ló wà lẹ́nu wọn, fóònù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò sì fi kà á. Ẹni tó kọ́ ọ lè wà ní Èjìgbò lónìí, kó wà ní Treichville ní Abidjan lọ́dún tó ń bọ̀. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Sáìtì ní apá tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù ẹni tó ń kà á, ó sì ní apá tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà kan tó wà níbòmíràn tí kì í sùn. Ní ti apá fóònù, kò sí ohun tí à ń yàn. HTML ló ń to ojú ìwé, CSS ló ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, JavaScript ló ń mú un dáhùn nígbà tí ìka bá kàn án. Ní May 1995 ni Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ JavaScript ní ilé iṣẹ́ Netscape, gbogbo bráwúsà tó wà lóde lónìí ló sì ń gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀ kò níbi tí yóò sá sí.

Apá sáfà ni ìjà wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé wò, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá àkọsílẹ̀ jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó ti sanwó. PHP lè ṣe é, Python lè ṣe é, Ruby lè ṣe é, Perl tó ti wà láti 1987 náà lè ṣe é. Láti ìgbà tí Ryan Dahl sì ti gbé Node.js jáde ní 2009, JavaScript ti kúrò ní èdè orí fóònù nìkan, òun náà ti wọ orí sáfà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò lè gbé sáìtì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ró. Ìdí nìyẹn tí "èwo ló dára jù" kò fi lè parí láéláé.

Àwọn sáìtì kan tilẹ̀ wà tí kò nílò èdè kankan lórí sáfà. Ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ fi àkókò ìsìn, àwòrán ilé ìjọsìn àti nọ́ńbà fóònù hàn, HTML lásán tó o. GitHub Pages á gbé irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Kò ní dátábéèsì tí wọ́n lè já wọ̀, kò ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tí wọ́n lè jí. Ọdún márùn-ún lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, yóò máa ṣí bó ṣe ń ṣí. Owó ńlá ni mo ti rí tí wọ́n san fún sáìtì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó gbé ojú ìwé kan tí kì í yí padà hàn. Àmọ́ ẹgbẹ́ tó fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n san owó oṣù, kí akọ̀wé sì máa gbé ìròyìn ìpàdé sókè fúnra rẹ̀, ìyẹn ti kọjá agbára HTML.

Ibi tí sáìtì yóò máa gbé ló sábà ń yan èdè fún èèyàn kó tó fura. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rà ní Nàìjíríà ni àyè àjọgbé: ilé iṣẹ́ kan ní sáfà, ó pín in fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún sáìtì, ẹ san owó ọdún kan ní náírà, wọ́n fún yín ní cPanel tí ẹ ó fi máa ṣàkóso ìpín tiyín. PHP àti dátábéèsì MySQL ló máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá ti wọlé. Ẹ ju fáìlì sínú fódà, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe bí PHP ló fà á. Rasmus Lerdorf, ọkùnrin tí wọ́n bí sí Greenland, kò ní in lọ́kàn ní 1994 pé òun fẹ́ dá èdè sílẹ̀. Irinṣẹ́ kéékèèké ló ń kọ fún ojú ìwé tara rẹ̀, kó lè mọ àwọn tó ń wá ka ìtàn iṣẹ́ rẹ̀. Ní June 1995 ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún aráyé lórúkọ Personal Home Page Tools. Inú ojú ìwé ló ti bẹ̀rẹ̀, ìwà yẹn kò sì kúrò lára rẹ̀: ẹnì kan ṣí ojú ìwé, PHP dìde, ó ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, ó fi èsì ránṣẹ́, ó gbàgbé gbogbo rẹ̀. Alágbàṣe gan-an ni. Ó wá, ó ro ebè tí wọ́n wọ̀n fún un, ó gbowó, ó ń lọ. Bí ọ̀kan bá ṣubú lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn kò ní kí ti ẹni kejì dúró.

Node.js, àti Django tí wọ́n fi Python kọ, kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wà lójúfò lórí sáfà tọ̀sán tòru, kí wọ́n máa retí ẹni tó ń bọ̀. Wọ́n ń jẹ àyè ìrántí kọ̀ǹpútà bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ wá, bí wọ́n bá sì ṣubú, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò jí wọn. Irinṣẹ́ tó ń jí wọn wà, cPanel àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ti ń gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n tò gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń yọrí sí kí èèyàn háyà sáfà tirẹ̀, dọ́là ni wọ́n sì ń fi gba owó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò tíì tó 500 náírà ní báńkì. Nígbà tó fi máa di June 2024, ó ti lé ní 1,400. Sáfà dọ́là márùn-ún lóṣù kúrò ní nǹkan bí 2,300 náírà, ó di bíi 7,000, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun kún sáìtì náà. Àwọn tó sì gbójú lé ọ̀fẹ́ rí tiwọn: ní November 2022 ni ilé iṣẹ́ Heroku fòpin sí àyè ọ̀fẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ àṣejáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ kárí ayé sì wọlẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni ni mo fi ṣáájú owó pàápàá. WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní May 2003, PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, òun ló sì wà nídìí ohun tó lé ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún sáìtì ayé. Nítorí bẹ́ẹ̀, láti Èjìgbò sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí yunifásítì LAUTECH wà, sí Òṣogbo, sí Ìwó, ẹ ó rí ẹni tó ti fọwọ́ kàn án rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tí kò mọ kóòdù lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ìròyìn sókè nínú rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Ní Abidjan náà, ẹni tó gbọ́ WordPress kò wọ́n. Ruby ńkọ́? Èdè tó dùn ún kọ ni, Yukihiro Matsumoto ará Jàpáànù fi ìfẹ́ ṣe é, GitHub àti Shopify sì gòkè lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí sáìtì ẹgbẹ́ bá dákú lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, tí ìpàdé sì di àárọ̀ Sátidé, ẹ máa wá ẹni tó gbọ́ Ruby ní ìjọba ìbílẹ̀ Èjìgbò. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú ẹ̀.

Mi ò sọ pé WordPress kò lẹ́bi. Àwọn plugin tí wọ́n ń so mọ́ ọn ni ẹnu ọ̀nà tí olè fi ń wọlé jù, pàápàá èyí tí wọ́n gbà lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n ti rà á. Sáìtì ilé ìjọsìn lè jí lọ́jọ́ kan kó máa polówó tẹ́tẹ́. Kò sì sí èdè tí kì í gbó. Àwọn ìwé àkọ́kọ́ṣẹ́ tó kún ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fún ọ̀pọ̀ ọdún, mysql_connect àti mysql_query ni wọ́n fi ń kọ́ni. PHP 7 yọ méjèèjì dànù pátápátá ní December 2015. Ìtìlẹ́yìn fún PHP 5.6 parí ní òpin 2018. Python 2 kógbá wọlé ní January 1, 2020, ẹni tó fi kọ́ sáìtì sì gbọ́dọ̀ tún púpọ̀ kọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní PHP lòun yóò lò, ẹ bi í léèrè ẹ̀dà wo. Bó bá ní kò sí ìyàtọ̀, ẹ dìde.

Python ní ibi tirẹ̀, mo sì rò pé ibi náà sún mọ́ Èjìgbò ju bí àwọn èèyàn ṣe lérò lọ. Ní Èjìgbò ni ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà, yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2006 tí wọ́n sì pín àwọn ẹ̀ka rẹ̀ yí ìpínlẹ̀ náà ká. Ká ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ fẹ́ sáìtì tí yóò máa gba iye òjò tó rọ̀, iye ẹ̀gẹ́ tí oko kọ̀ọ̀kan mú jáde, kó ṣírò rẹ̀, kó yà á sí àwòrán, kó sì fi ti ọdún yìí wé ti èṣín. PHP lè ṣe é, àmọ́ yóò máa làágùn. Àwọn irinṣẹ́ ìṣírò tí Python ní, pandas àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ti ṣe ìdá méjì nínú mẹ́ta iṣẹ́ náà kí èèyàn tó jókòó, ẹni tó bá sì fẹ́ kọ ìwé àṣejáde lórí rẹ̀ kò ní láti kọ́ èdè kejì. Django tí wọ́n fi ń kọ́ irú sáìtì bẹ́ẹ̀, inú iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní Lawrence, ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ló ti jáde wá ní 2005. Lawrence kì í ṣe New York. Àwọn oníròyìn ibẹ̀ fẹ́ kí nǹkan tuntun wà lórí sáìtì láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn tó ń kọ kóòdù fún wọn sì wá ọ̀nà tí wọn ò fi ní máa bẹ̀rẹ̀ láti òdo lójoojúmọ́.

Ní ti JavaScript lórí sáfà, ohun tó ń fa àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra ni pé èdè kan á kárí apá méjèèjì. Òótọ́ ni. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ilé iṣẹ́ kan ní Yaba ní Èkó tàbí ní òkèèrè gbà á síṣẹ́, kó kọ́ ọ dáadáa. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àṣà tó bá a rìn: kí wọ́n máa kó gbogbo iṣẹ́ lé fóònù lórí. Ojú ìwé á ṣí, funfun báláú, fóònù á kọ́kọ́ fa kóòdù tó tó mẹ́gábáìtì méjì wálẹ̀ kó tó lè kọ "Ẹ káàbọ̀". Ẹni tó ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà ní ìgboro Èjìgbò ló ń san owó yẹn, kì í ṣe ẹni tó kọ ọ́.

Kò pọn dandan kó rí bẹ́ẹ̀. BBC News Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní February 2018, ètò kan tí wọ́n ń pè ní Simorgh ló ń gbé sáìtì rẹ̀ jáde báyìí, pẹ̀lú ti ọ̀pọ̀ èdè mìíràn tí BBC World Service ń lò. JavaScript ni, React tí Facebook yọ̀ǹda ní 2013 ni wọ́n fi to ó, wọ́n sì tú kóòdù rẹ̀ síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Orí sáfà ni wọ́n ti ń to ojú ìwé náà tán, kí ìròyìn ti wà níbẹ̀ kó tó dé orí fóònù. Wikipẹ́díà Yorùbá ńkọ́? MediaWiki ló gbé e ró, PHP sì ni MediaWiki. Èdè méjèèjì ń gbé Yorùbá dé ọ̀dọ̀ wa lójoojúmọ́. Ohun tó ń mú sáìtì wúwo ni ìpinnu ẹni tó kọ́ ọ.

Àṣà kejì tó ń bá Node.js rìn ni yíyá kóòdù ẹlòmíràn. Ní March 2016, ẹnì kan bínú yọ kóòdù tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní left-pad kúrò ní npm, ìyẹn ibi tí gbogbo wọn ti ń yá nǹkan. Ìlà mọ́kànlá péré ni, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó fi àlàfo síwájú ọ̀rọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ kárí ayé kọ̀, wọn ò lè kọ́ jọ mọ́ títí wọ́n fi dá a padà. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò nílò irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ni mo fi ń dán àwọn tó ń kọ́ sáìtì wò, nítorí ìwé òyìnbó tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ kì í débẹ̀. Ẹ mú orúkọ ìlú náà, Èjìgbò. Lẹ́tà mélòó ni? Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó kọ́ a-b-d á ní márùn-ún, nítorí gb, lẹ́tà kan ni. Python á ní mẹ́fà. Bí ẹ bá lo strlen ní PHP, mẹ́sàn-án ni yóò pè é, nítorí báìtì ló ń kà, lẹ́tà tó gbé àmì ohùn lórí níbẹ̀ sì ń gba báìtì méjì. Kò tíì tán. Bó bá jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ń fi àmì ohùn sẹ́yìn lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀, Python kan náà á ní mẹ́sàn-án, strlen á ní méjìlá. Lójú ẹni tó ń kà á, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ rárá.

Ọ̀ṣun tún le ju ìyẹn lọ. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà gbogbo ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún ọ, ó ní fún ò, ó ní fún ṣ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ọ̀. A gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ ni. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ́kọ́ kọ ọ kó tó fi àmì sókè, òmíràn á kọ́kọ́ kọ ò kó tó fi àmì sísàlẹ̀. Akọ̀wé fi kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ ẹnì kan wọlé ní Èjìgbò, ọmọ rẹ̀ fi fóònù wá orúkọ kan náà láti Abidjan, sáìtì ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹbí lè fìyẹn jà.

Oògùn rẹ̀ wà: kí sáìtì kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan náà kó tó tọ́jú rẹ̀, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ohun tí wọ́n bá ń wá. Python ní unicodedata láti ilé, JavaScript ní normalize() láti 2015. PHP ní Normalizer, àmọ́ inú àfikún kan tí wọ́n ń pè ní intl ló wà, kì í sì í ṣe gbogbo àyè àjọgbé ló tan intl sílẹ̀. Ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó. Intl kan náà ni ẹ ó nílò fún títo orúkọ. Bí ẹ bá ní kí èdè èyíkéyìí nínú wọn to Abidjan, Èkó, Ẹdẹ, Ìwó àti Yamoussoukro láìṣàlàyé fún un, Abidjan á ṣáájú, Yamoussoukro á tẹ̀ lé e, Èkó, Ìwó àti Ẹdẹ á wá tò sẹ́yìn, nítorí nọ́ńbà ló ń wò, kì í wo a-b-d. Collator, irinṣẹ́ títo ọ̀rọ̀ tó wà nínú PHP àti JavaScript, mọ ètò lẹ́tà Yorùbá bí ẹ bá dárúkọ yo, àmì èdè Yorùbá, fún un. Python nílò ìrànlọ́wọ́ láti ìta fún ìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí òun gan-an ti rẹ̀yìn nìyẹn.

Dátábéèsì náà ní tirẹ̀. Ohun tí MySQL àtijọ́ ń pè ní utf8 kò gbà ju báìtì mẹ́ta fún lẹ́tà kan. Gbogbo lẹ́tà Yorùbá là á já. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹgbẹ́ kan kọ "Olúwa á dáhùn", ó fi àwòrán ọwọ́ àdúrà sí àárín, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Báìtì mẹ́rin ni àwòrán yẹn. Ó lè gé gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e dànù, tàbí kó kọ àkọsílẹ̀ náà pátápátá. utf8mb4 ni kí wọ́n yàn, láìka èdè tí wọ́n fi kọ sáìtì sí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tilẹ̀ ti ṣe èdè ìkóòdù tó ń jẹ́ Yorlang, tí wọ́n fi JavaScript kọ. "Jẹ́ kí" ni wọ́n fi ń fún nǹkan lórúkọ níbẹ̀, "ṣé" ni wọ́n fi ń bèèrè, "sọpé" ni wọ́n fi ń gbé èsì jáde. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi kọ́ sáìtì tí owó ń wọlé sí. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọ́ ọmọ girama ní ohun tí kóòdù jẹ́, ibẹ̀ ni n bá ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ló kù. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ ní 2015 tí Stripe ti Amẹ́ríkà sì rà ní 2020, kò béèrè èdè tí ẹ fi kọ́ sáìtì. Ẹ ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, á dáhùn, gbogbo èdè tí mo ti dárúkọ ló mọ ìyẹn ṣe. Ìṣòro wà nínú ìṣirò. Bí ẹ bá ní kí JavaScript ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, á fún yín ní 0.30000000000000004, Python àti PHP náà sì ń ru ẹrù kan náà nínú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú owó ní kọ́bọ̀, ní nọ́ńbà odidi, tí wọ́n á wá fi ọgọ́rùn-ún pín in nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn. Ó dáa fún náírà. Sẹ́fà kò ní kọ́bọ̀. Kóòdù tó ń fi ọgọ́rùn-ún pín gbogbo owó tó bá rí á sọ 5,000 sẹ́fà tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ránṣẹ́ láti Abidjan di 50, akápò á sì rò pé ṣe ni wọ́n ń fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Kí irú owó máa bá iye rẹ̀ rìn nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ojútùú.

Bó bá jẹ́ èmi ni ẹgbẹ́ ọmọ Èjìgbò pè lónìí, PHP 8 àti WordPress ni n ó mú, ojú ìwé lédè Yorùbá, lédè Faransé àti lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé lang="yo", lang="fr" tàbí lang="en" lórí kí bráwúsà má baà fi ọ̀kan pe èkejì. Bó bá jẹ́ àwọn onímọ̀ oko ló pè mí, Django ni. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gbé iṣẹ́ sílẹ̀, n ó kọ sórí ìwé fún akọ̀wé: ẹ̀dà èdè tí mo lò, ibi tí ẹ̀dà àfipamọ́ dátábéèsì wà, ọjọ́ tí owó sáfà máa tán, ọjọ́ tí orúkọ .ng tí NiRA ń bójú tó máa tán. Orúkọ ẹgbẹ́ ni n ó fi ra àyè orí íntánẹ́ẹ̀tì náà, ímeèlì ẹgbẹ́ ni n ó sì fi sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí ímeèlì yẹn ni ìkìlọ̀ ìsanwó ọdún tó ń bọ̀ yóò wá bá.